Àsáró Tí Mo Fi Ń Wo Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ ń ru, gbọ́ ọ lẹ́nu mi: àwọn aláìmọ̀kan ń bọ̀ wá kí ọ. Wọn yóò jókòó sórí àga rẹ, wọn yóò mu omi rẹ, wọn yóò sì ròyìn bí irú àìsàn náà ṣe pa àbúrò ọ̀gá wọn. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá máa júwe oògùn. Mo mọ gbogbo wọn. Èyí tí ó burú jù nínú wọn ni èmi fúnra mi, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí sí ọ.

Iṣẹ́ agogo ni mo ń ṣe. Ungwan Shanu ni ilé wa wà ní Kàdúná, ṣọ́ọ̀bù mi sì wà nínú ọjà láàárín ìlú. Kàdúná ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, ọmọ Ìbàdàn ni ìyá mi. Àwọn Hausa ń pè mí ní mai gyaran agogo, ẹni tí ń tún agogo ṣe. Wọ́n ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tiwa ni agogo yẹn. Mo máa ń rán àwọn oníbàárà létí pé bí kì í bá ṣe Yorùbá ni, òòrùn ni wọn ì bá máa wò títí di òní. Bí ẹnikẹ́ni ṣe ń tún padà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, n kò mọ̀.

Irú ẹni tí mo jẹ́ nìyẹn. Bí ènìyàn bá gbé agogo játijàti wá, mo máa ń fi ìka méjì gbé e bí ẹni gbé òkú eku, kí gbogbo ọjà lè rí i. Nínú ilé, mo ṣòfin pé a ò gbọdọ̀ sọ Hausa. Ọmọ mi àbígbẹ̀yìn, Kúbúrà, tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga nígbà náà, ló ń rú òfin yẹn jù. Ó gbọ́ Yorùbá yékéyéké, ṣùgbọ́n bí mo bá bi í ní ìbéèrè, Hausa ló fi ń dá mi lóhùn. Bí ó bá gbìyànjú Yorùbá, mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí yóò fi padà sí Hausa. Mo wá ń bínú pé kò sọ Yorùbá.

Ọrùn ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn orí mi á máa fà mí, ọrùn á le gbagidi. Mo rò pé wàhálà iṣẹ́ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ní méjì. Nọ́ọ̀tì agogo kéré ju ọmọ èèrà lọ, ẹni tí ó bá sì ń rí i ní méjì, èyí tí kò sí níbẹ̀ ni yóò máa na ọwọ́ sí. Mo ra awò tuntun. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, mo fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń gbọ́ kì, kì, kì létí òsì mi. Mo gbé ìrọ̀rí kúrò láti wo agogo tí ẹnì kan gbàgbé sábẹ́ rẹ̀. Kò sí agogo. Mo pe ìyàwó mi, mo bá a jà pé ó gbé agogo oníbàárà pamọ́. Ìyá Kúbúrà gbé etí lé mi láyà, ó dìde, ó sì ní, "Bàbá Kúbúrà, ọkàn yín ni. Lọ́la, ilé ìwòsàn là ń lọ."

Èmi, ìyàwó mi àti Kúbúrà kírun àsùbáà tán, a jáde. Nígbà tí a dé ọsibítù ìjọba, àwọn tí ó ti dé síwájú wa ti kún bẹ́ǹṣì mẹ́rin. Bí o kò bá tíì jókòó sórí irú bẹ́ǹṣì yẹn rí, mú oúnjẹ dání, mú sùúrù dání, má sì fi àyè rẹ sílẹ̀ nítorí ìtọ̀, nítorí pé ìgbà tí o bá fi máa dé, ẹlòmíràn yóò ti jogún rẹ̀. Akọ̀wé tí ń kọ káàdì wá nígbà tí ó wù ú. Ó kọ orúkọ mi ní àṣìkọ, mo ní kí ó tún un kọ, ó fi káàdì mi sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Nọ́ọ̀sì tí ó so nǹkan mọ́ mi lápá wo òǹkà náà, ó tú u, ó so ó mọ́ apá kejì, ó tún wò ó. "Baba, da ƙafarka ka zo nan?" Ó ń bi mí bóyá ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn wá. Mo ní ẹṣin ni mo gùn.

Nígbà tí ó kàn mí láti rí dókítà, ìyàwó mi ti lọ gba àyè sílẹ̀ dè mí lórí ìlà ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn, Kúbúrà ló bá mi wọlé. Dókítà Táyọ̀ ni wọ́n ń pè é, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kàdúná, tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó rí orúkọ mi, inú rẹ̀ dùn, ó ní òun yóò bá mi sọ Yorùbá. Ó sọ báyìí pé: "Baba, e maa mu oogun yii lojoojumo. E ma fo ojo kankan. E din iyo ku. Leyin naa, e maa se asaro, laaro ati lale, ogun iseju. E joko jeje, ki enikeni ma ba yin soro."

Mo kọ ọ́ láìsí àmì nítorí pé bí ó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, ohùn kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ ní Yorùbá. Ó ní ìyá òun àgbà ni. Mo ní, "Ìyá àgbà náà gbìyànjú." Ojú tì í, ó dojú kọ ìwé tí ó ń kọ, ó sì fi mí sílẹ̀. Kò tún àlàyé kankan ṣe mọ́. Ta ni yóò tún ṣàlàyé fún irú mi?

A kò tíì jìnnà nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi sọ fún ìyàwó mi pé dókítà ní kí ó máa se àsáró fún mi láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ó sì fi ogún ìṣẹ́jú sè é. Kúbúrà ní, "Baba, ba abinci yake nufi ba." Kì í ṣe oúnjẹ ló ń sọ. Mo yí padà sí i. Mo ní, "Kí lo gbọ́ nínú Yorùbá, ìwọ? Ọjọ́ tí o bá lè ka ení dé ogún láìṣìnà ni kí o wá máa túmọ̀ Yorùbá fún bàbá rẹ." Ẹni tí ń wa kẹ̀kẹ́ náà gbọ́ Yorùbá, ó rẹ́rìn-ín, inú mi dùn pé ó rẹ́rìn-ín. Kúbúrà wo ìta títí a fi délé.

Ó yẹ kí n sọ pé ẹnu tèmi náà kò pé. Ìyá mi ará Ìbàdàn, isu ló ń pe iṣu, ẹnu rẹ̀ sì ni mo jogún. Fún wa, ọ̀kan náà ni "ṣe" àti "sè" nínú ọ̀rọ̀ ẹni tí kò lóhùn. Èmi tí n kò lè pe ọ̀rọ̀ náà ni mo ń fi dókítà ṣẹ̀sín.

Bí mo ṣe di ẹni tí ń fi àsáró wo ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Ìyá Kúbúrà a máa dáná rẹ̀ lẹ́yìn àsùbáà: iṣu, epo, ata, ẹja gbígbẹ, àti iyọ̀ tí ó dín kù fún ọjọ́ mẹ́ta péré kí n tó sọ pé oúnjẹ yìí tẹ́. Mo jókòó jẹ́jẹ́ bí dókítà ṣe wí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá mi sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà wa kúkú ti sọ pé a kì í jẹun kí a máa rojọ́, mo sì rò pé ìmọ̀ òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa ni. Mo ròyìn rẹ̀ nínú ọjà. Mo tilẹ̀ kọ́ ọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, tí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà ń ru. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Débọ̀, tí ó fẹ́ Onígbàgbọ́ tí ó sì ń gbé ní Ungwan Boro, gbé ìgò àgbo mẹ́ta wá. Ó ní, "Àbúrò mi, oògùn òyìnbó tí ènìyàn bá ti bẹ̀rẹ̀, ikú ló ń dá a dúró. Jáwọ́ nínú rẹ̀." Mo sọ fún un pé àgbo rẹ̀ ń rùn bí odò tí màlúù kú sí. Alága ẹgbẹ́ wa mú aáyù wá, ó ní kí n máa jẹ ẹ́ ní tútù. Mo fi àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́n jù wọ́n lọ, dókítà ló júwe tèmi. Ṣùgbọ́n wo ohun tí ọlọ́gbọ́n ṣe: oògùn dókítà ń mú mi tọ̀ ní gbogbo ìgbà, ó ń dá iṣẹ́ mi dúró. Àsáró kò dá iṣẹ́ dúró, oorun dídùn ló sì ń gbé wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fo oògùn lọ́jọ́ kan, lọ́jọ́ méjì. Nígbà tí oṣù kejì fi máa parí, ìgbà tí mo bá rántí nìkan ni mo ń lò ó. Ẹni tí ó kọ àgbo nítorí pé ó gbàgbọ́ nínú dókítà ló fi oògùn dókítà sílẹ̀ nítorí iṣu.

Ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, agogo àtijọ́ kan ló wà níwájú mi, èyí tí alhaji kan jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Mo há awò sójú, mo fi ẹ̀mú kékeré gbé sípíríǹgì rẹ̀ sókè. Bí ẹ̀mú náà ṣe jábọ́ nìyẹn. Mo wo ọwọ́ ọ̀tún mi, mo ní kí ó gbé e, kò gbé e. Mo fẹ́ bú ọwọ́ náà, ìtọ́ ló jáde. Mallam Sani, tí ń ta fìlà ní ìdojúkọ mi, tí mo ti fi òòrùn àti agogo bú fún ọdún mẹ́wàá, ló gbé mi sẹ́yìn bí ọmọ jòjòló, tí ó sáré gbé mi lọ sínú kẹ̀kẹ́. "A hankali, Baba," ló ń wí, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Ẹ̀rù bà mí. N kò bẹ̀rù ikú tó bí mo ṣe bẹ̀rù ọwọ́ yẹn. Atúnagogoṣe tí kò ní ọwọ́ ọ̀tún, kí ló kù tí yóò máa fi yangàn?

Wọ́n dá mi dúró sí ọsibítù. Ẹnu mi wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ mi ń jáde ní wúyẹ́wúyẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin, Dókítà Táyọ̀ dé ọ̀dọ̀ mi. Ó wo ìwé, ó wo ojú mi, ó bi ìyàwó mi pé, "Mama, se won n se asaro yen?"

Ìyá Kúbúrà gbé orí sókè. Ó ní, "Dókítà, àárọ̀ àti alẹ́! Ọjọ́ kan kò yẹ̀. Èmi fúnra mi ni mò ń sè é, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ."

Dókítà dúró. Ó ní, "Eja?"

"Ẹja, epo, ata rodo. Wọ́n ń jẹ ẹ́ tán."

Ọmọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín, mo sì ń fi ìyẹn yìn ín títí di òní. Ó fa àga kan, ó jókòó, ó pa ojú rẹ̀ dé, ó fi ọwọ́ lé ikùn, ó mí sínú, ó mí síta. Ó la ojú. "Asaro," ló wí. Obìnrin tí ó ń tọ́jú ọkọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, Onígbàgbọ́ tí ó ń ka Bíbélì láti àárọ̀, pariwo pé, "Háà! Àṣàrò! Bí èyí tí ó wà nínú Sáàmù!" Gbogbo wọ́ọ̀dù gbọ́. Ìyàwó mi fi gèlè bo ẹnu.

Kúbúrà wà ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Na faɗa maka, Baba." Ó ní òun ti sọ fún mi. Omi wà lójú rẹ̀. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ yí ara mi sí ògiri, ara náà kọ̀, mo sì ní láti dùbúlẹ̀ kí wọ́n máa wò mí.

Ìwọ tí o ń ka èyí, jẹ́ kí n sọ ohun tí àṣàrò yẹn jẹ́ gan-an, kí o má baà gbé ìkòkò kaná. O ó jókòó sórí àga, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ méjèèjì kan ilẹ̀. O ó fi ọwọ́ kan lé ikùn. O ó máa fi imú mí. Bí èémí bá ti jáde, o ó ka ení. Bí ó bá tún jáde, èjì, títí dé ẹ̀wá, o ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Bí ọkàn rẹ bá rìn lọ, o ó mú un padà sí ení, láìbá ara rẹ jà. Ó parí. Kò rọ́pò oògùn o. Ó ń bá oògùn ṣiṣẹ́ ni.

Nígbà tí dókítà ṣàlàyé rẹ̀ tán, inú bí mi. Ṣé mímí náà ni àwọn òbí dókítà yìí rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ fún ọdún méje láti kọ́? Ewúrẹ́ ń mí. Ìyá Débọ̀ dé láti Ungwan Boro, ó ní bí mo bá sọ ọkàn di òfìfo, ẹ̀mí àìmọ́ yóò wá kó sí i. Ààfáà àdúgbò wa ní bí mo bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́, ṣé kò sí tẹ̀sùbáà nílé ni? Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n mo mọ bí mo ṣe ń fa tẹ̀sùbáà: bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbìyànjú rẹ̀ nílé, n kò dé ẹ̀ta. Mo ka ení, mo rántí akọ̀wé tí ó kọ orúkọ mi ní àṣìkọ. Mo ka èjì, mo rántí àgbo. Dókítà ti sọ tẹ́lẹ̀ pé bí kíkà bá nira, kí n máa gbọ́ ohùn kan ṣoṣo, ìró agogo fún àpẹẹrẹ. Mo gbé agogo orí tábìlì síwájú, mo pa ojú dé. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ pé agogo náà ń sáré. Mo la ojú, mo fi ọwọ́ òsì tú u, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni tí ó tún un ṣe kẹ́yìn. Èmi ni mo tún un ṣe kẹ́yìn.

Láìbá ara rẹ jà: ibẹ̀ gan-an ló ti há mi lọ́fun. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò tíì rí ẹni tí ó ṣe àṣìṣe tí n kò bú. Bí mo bá gbàgbé òǹkà, màá pe ara mi ní ọ̀dẹ̀, ọkàn mi á tún máa lù kìkì. Kúbúrà ló rí mi níbi tí mo ti ń ṣe é. Ẹnu mi kò tíì tọ́, n kò lè pe ení já gaara. Ó fa àpótí wá, ó jókòó níwájú mi, ó ní, "A hankali, Baba. Ɗaya." Mo mí síta. "Biyu." Mo mí síta. Ó kà á dé goma, ẹ̀wá, ní Hausa, nínú ilé mi, mo sì ń mí tẹ̀lé e. Ní ìgbà kẹta ló ní, "Baba, kí ló dé tí ẹ ń di èémí mú?"

Yorùbá ló fi sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ wọ́ díẹ̀, n kò tún un ṣe, nítorí pé ìbéèrè yẹn ti dá mi dúró. Mò ń di èémí mú. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń fi nọ́ọ̀tì sínú agogo: o ó dá èémí dúró kí ọwọ́ má baà gbọ̀n. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, mo sì ń gbé e wálé. Mo ń di èémí mú bí ìyàwó mi bá ń sọ̀rọ̀, mo ń dúró de ibi tí yóò ti ṣì í sọ. N kò mọ̀.

Ọdún díẹ̀ ti kọjá. Bí mo ṣe wà lónìí ni pé ẹnu mi ti tọ́, ó sì tún ti ń bú ènìyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo máa ń mí kí n tó bú. Ìka mẹ́ta ló padà dáadáa ní ọwọ́ ọ̀tún. Mo lè pààrọ̀ bátìrì àti awọ ọwọ́ agogo. Sípíríǹgì ti kọjá agbára mi, agogo bàbá alhaji yẹn wà nínú dúrọ́ọ̀ títí di òní. Alhaji ní òun kò kánjú. Mo ń lo oògùn mi lójoojúmọ́, ìtọ̀ tàbí kò sí ìtọ̀, mo sì máa ń lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ọjọ́ bá pé. Ẹ̀jẹ̀ náà ti wálẹ̀, kò lọ. Mo lọ bá ọmọ ẹgbẹ́ wa tí mo fi àsáró kọ́, mo jẹ́wọ́ fún un lójú ìyàwó rẹ̀. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, mo sì jókòó gbà á.

Nítorí náà, bí dókítà bá sọ̀rọ̀ tí kò yé ọ, bi í. Bí ó bá yé ọ jù, tún bi í. Bí ọmọ rẹ bá sì sọ pé kì í ṣe oúnjẹ ni, gbọ́, èdè yòówù kí ó fi sọ ọ́.

Láàárọ̀ àná, mo wà nínú pálọ̀, òórùn epo àti ata ń jáde láti ilé ìdáná. Kúbúrà, tí ó wá kí wa láti ilé ọkọ rẹ̀, yọ orí wọlé, ó ní, "Baba, se e ti se asaro?" Ohùn kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹnu mi ti là láti tún un ṣe. Mo mí sínú, mo mí síta.

Mo ní, "Èwo ni, ọmọ mi?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ lé ikùn. Mo ní n kò tíì ṣe é. Ó fa àpótí wá, ó jókòó níwájú mi.